Ṣé o mọ̀? Òfin ọ̀rọ̀ sísọ tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kò kọ sójú pátákó

Ṣé o mọ̀ pé "How are you?" kì í sábà jẹ́ ìbéèrè? "Fine, thanks" ti tó. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ẹ̀yìn tó ń dùn ún àti owó ilé ìwé ọmọ, òyìnbó tó kí i á ti rìn kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé "O mà ti sanra o!", tí wọ́n fi ń yin ẹni ní Pànṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta, èébú ni ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù? Owó oṣù àti ọjọ́ orí náà, má bèèrè. Òjò àti òtútù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ l'Abẹ́òkúta? Àwọn Sàró tó ti Freetown bọ̀ wálé ti ń sọ ọ́ kí ajíhìnrere òyìnbó Henry Townsend tó kọ́kọ́ wọ̀lú ní 1843. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún báyìí, gírámà nìkan ni a ṣì ń fi kọ́ ọmọ.

Ṣé o wá mọ ẹ̀kọ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan? Wọlé Ṣóyínká ròyìn rẹ̀ nínú ìwé Aké tó jáde ní 1981. Lásìkò tí òun àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń bá ìjọba jà lórí owó orí, ajẹ́lẹ̀ náà jágbe mọ́ ọn pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Màmá fèsì pé wọ́n bí i lóòótọ́, àmọ́ wọn ò kọ́ ọ. Ṣé bó ṣe máa bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn? Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, òun tó kàwé ní Ìlú Ọba láti 1919 sí 1922, ṣùgbọ́n òfin Ẹ̀gbá ló fi dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Níta gbangba, Yorùbá ló sábà máa ń sọ. Kí òyìnbó wá ògbufọ̀! Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ṣé o mọ̀ pé ìdánwò ẹnu ti IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó fẹ́ lọ òkè òkun, kì í ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ, kò sì sí máàkì kankan fún "Yes, sir"? Ọmọ tí a kọ́ pé kó má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà á fi gbólóhùn kan fèsì, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọlúàbí ni nílé. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu rẹ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Ní apá kejì, wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú kan láti ronú, ìwọ nìkan á sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ tó wo èdè mẹ́wàá ní 2009, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, rí i pé bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ló ń kọjá kí èèyàn tó dá ẹnìkejì lóhùn? (Wọn ò mú Yorùbá mọ́ ọn.) "Bẹ́ẹ̀ ni" sì ń yára jáde ju "rárá" lọ. Tó o bá dákẹ́ láti bọ̀wọ̀, wọ́n lè rò pé o ò gbà ni.

Ṣé o mọ̀ pé "We must have lunch sometime" kì í ṣe ìpè? Àwa náà ní irú ẹ̀. Ẹni tó ń jẹ láfún á ní kó o wá jẹun, ìwọ á ní "Á gba ibi ire o", wàá sì máa lọ. Bí òyìnbó ò bá dárúkọ ọjọ́, má wulẹ̀ lọ aṣọ.