Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Ìwádìí Obìnrin Kò Tó Ti Ọkùnrin?

Tí ọmọbìnrin wa bá lóun fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan lóde àríyá: "Ṣé kò ní pẹ́ kó tó relé ọkọ báyìí? Ṣebí àwọn ọkùnrin ló ń kọ ìwé ìwádìí jù."

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Lọ́dún 2020, ìwádìí kan jáde lórí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ní ìpíndọ́gba, ọkùnrin kọ ìwé bíi 13 kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ti obìnrin ò pé 10. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kà á lọ́dọọdún, ọgbọọgba ni wọ́n! Àwọn obìnrin ló kàn ń tètè kúrò nídìí iṣẹ́.

Kí ló ń lé wọn? Ọmọ títọ́ wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe òun nìkan. Láwọn ọdún 1990, Nancy Hopkins, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, fi téèpù wọn àwọn yàrá ìwádìí ibẹ̀, ó sì rí i pé àyè táwọn obìnrin ní kéré sí tàwọn ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Rita Colwell dé Yunifásítì Maryland, ní College Park wa níbí, lọ́dún 1972. Nígbà tó ń wá owó ẹ̀kọ́ ní Purdue, olórí ẹ̀ka sọ fún un pé àwọn kì í fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣòfò lórí obìnrin. Obìnrin yìí ló wá fi hàn pé kòkòrò onígbáméjì ń dá gbé inú odò. Ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ní Bangladesh, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní káwọn obìnrin abúlé ṣẹ́ ògbólógbòó sárì, aṣọ tí wọ́n ń ró, po, kí wọ́n fi sẹ́ omi mímu, báwọn ìyá wa ṣe ń sẹ́ ògì. Onígbáméjì dín kù ní ìwọ̀n 48 nínú 100. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 2003. Iṣẹ́ tó ti kọ ju 700 lọ, ọmọbìnrin méjì ló sì tọ́. Ọkọ rẹ̀, tóun náà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, dúró tì í.

Ti Ìbàdàn ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Falusi gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO lọ́dún 2001 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá, irú bíi fòníkú-fọ̀ladìde tó ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú.

Ká wá sọ òótọ́ síra wa. Tí ọmọ bá dé, tí màmá sì wá láti Nàìjíríà wá wẹ ọmọ, ọkọ á padà síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó tó ń kàwé ni wọ́n á ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ ná. Tí màmá bá padà sílé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ta ló máa gbé ọmọ dání kí ìyá rẹ̀ lè padà sí yàrá ìwádìí?