Iṣẹ́ Pénítà Ni Braque Kọ́kọ́ Kọ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán tí wọ́n ń pè ní Cubism lè sọ pé ẹni tó yà á kò mọ àwòrán yà. Gìtá fọ́ sí wẹ́wẹ́, tábìlì nà ró bí ògiri, ife kò mọ ibi tí òun dojú kọ. Èmi tí mo ń kun ilé ní Mọ́níyà kò lè sọ bẹ́ẹ̀, torí mo mọ irinṣẹ́ kan níbẹ̀.

Georges Braque tí òun àti Pablo Picasso dá irú àwòrán yìí sílẹ̀ ní Paris, ọmọ pénítà ni. Le Havre ló dàgbà sí. Ilé ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ń kùn. Òun náà kọ́ iṣẹ́, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń fi ọ̀dà lásán ṣe igi.

Àwa náà ń ṣe é. Oníbàárà mi kan ní Lálúpọn fẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò, àrẹ̀rẹ̀ lowó rẹ̀ ká. Mo fi ọ̀dà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kùn ún, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo wá fi èyí tó dúdú, tó sì ṣàn, lé e lórí. Kí ìyẹn tó gbẹ, mo fi òòyà tí mo gé lára rọ́bà táyà wọ́ ọ láti òkè délẹ̀. Ibi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n díẹ̀ ló jọ ìrókò jù, torí igi kì í fi rúlà hù.

Ṣùgbọ́n ìlà igi tèmi kò gbọdọ̀ kọjá etí ilẹ̀kùn. Braque tú ìlà igi àti etí nǹkan ká. Ní oṣù kẹsàn-án 1912, ó rí bébà ìbògiri tí wọ́n tẹ̀ bí igi nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Avignon. Ó rà á, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun, ó wá fi èédú ya àwo, èso àjàrà àti ife. Ìlà èédú gba orí bébà onígi kọjá lọ síbi tó wù ú. Bébà ń sọ pé igi wà níbí, èédú ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Ojú tìrẹ ni yóò so wọ́n pọ̀. Braque tún máa ń po yanrìn mọ́ ọ̀dà kó lè rí gbàkà-gbàkà.

Ti fífọ́ yẹn náà nítumọ̀. Wo ife lórí tábìlì: láti òkè, ẹnu rẹ̀ rí roboto; láti ẹ̀gbẹ́, ó tẹ́. Braque àti Picasso á ya méjèèjì pa pọ̀, wọn ò sì ní pa etí wọn dé, kí ọ̀kan lè ráyè wọ inú èkejì.

Apá ọ̀dọ̀ wa níbí náà lọ́wọ́ sí i. Àwọn Grebo ti Liberia àti Côte d'Ivoire máa ń gbẹ́ ìbòjú tí ẹyinjú rẹ̀ yọ síta bí páìpù. Picasso ní irú rẹ̀. Kahnweiler tó ń bá a ta àwòrán sọ pé àwọn ìbòjú yẹn ló la ojú àwọn ayàwòrán náà. Nígbà tí Picasso fi páálí ṣe gìtá ní 1912, ihò inú rẹ̀ di páìpù tó yọ síta. Ibi tó wà ló sọ ọ́ di ihò, kì í ṣe bó ṣe jìn tó.

Braque ló fi òòyà pénítà han Picasso. Ìyẹn, tí kò kọ́ṣẹ́ ilé kíkùn rí, kò wulẹ̀ fi ṣe igi mọ́: ó fi ya irun orí àti irunmú ọkùnrin kan. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ì bá bú sẹ́rìn-ín.