Ẹ wo táyà kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́, ẹ ka ẹ̀yìn ike kí ẹ tó mu ún

Láàárọ̀ Sátidé báyìí, ẹ jáde sí títì ní Ìkòyí tàbí Ìkẹjà, ẹ ó rí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere pẹ̀lú akoto lórí. Inú mi ń dùn sí i. Ìlera loògùn ọrọ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Àmọ́ ohun méjì ló ń fi owó àti òógùn ọ̀pọ̀ nínú wa ṣòfò: kẹ̀kẹ́ tí kò bá ọ̀nà wa mu, àti ohun mímu aládídùn tí a fi ń dá gbogbo ohun tí a ti jó dànù padà sára.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́. Èyí tó máa ń wọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lójú ni èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, irú èyí tí wọ́n fi ń díje nínú Tour de France. Ó ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Táyà tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 25 lọ, tó bá já sínú kòtò tàbí tó há sáàárín irin tí wọ́n fi bo gọ́tà, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló máa sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Kí wá ni ẹni tó ń gùn ún láti Yábàá lọ sí Sùúrùlérè fẹ́ fi irú ẹ̀ ṣe?

Èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid ló bá wa mu jù. Ọwọ́ rẹ̀ tọ́, ẹ ó lè gbórí sókè wo dánfó tó ń bọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà, wọ́n á kọ nǹkan bíi 700x38 sí i. 38 yẹn ni ìbú rẹ̀. Láti 35 sí 45, ó dáa fún títì wa. Ẹ má sì jẹ́ kí sípíríǹgì iwájú tàn yín jẹ: èyí tó pọ̀ yìí máa ń wúwo, ó sì máa ń jẹ nínú agbára tí ẹ bá fi tẹ pẹ́dà. Ní ti gíà, ilẹ̀ Èkó tẹ́jú, díẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni kó wá èyí tó ní gíà tó rọ̀ dáadáa, torí òkè.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má kánjú sanwó. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ yí táyà náà. Bí irin rẹ̀ bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ti wọ́ nìyẹn. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ tì í. Kò gbọ́dọ̀ yí. Ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, bóyá ó ti sán lábẹ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí ẹ̀, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀: ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán. Kẹ̀kẹ́ tó ga jù tàbí tó kúrú jù, orúnkún ló máa sanwó ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ owó akoto, iná ẹ̀yìn àti àgádágodo kù.

Ó dáa, a ti gùn ún tán, òùngbẹ ń gbẹ wá. Ibí lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ yí ike náà sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n kọ carbohydrate sí ni kí ẹ wò, kì í ṣe àwòrán èso tó wà níwájú. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé gíráàmù 11 ló wà nínú 100 ml. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ike yẹn 50 cl ni, ìyẹn 500 ml. Ẹ fi 11 lọ́nà 5, ó di gíráàmù 55. Bó bá jẹ́ ṣúgà ni gbogbo ẹ̀, bó ṣe máa ń rí nínú mínírà, ó ń lọ sí ṣíbí tíì 14. Gíráàmù kan ń fún ara ní kálórì 4, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 220. Ẹni tó rọra gun kẹ̀kẹ́ fún ìdajì wákàtí lè má jó tó bẹ́ẹ̀. Ó ń fi agbọ̀n pọnmi nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí "no added sugar" pa yín lójú dé. Ṣúgà tó ti wà nínú èso tẹ́lẹ̀ ṣì ń jẹ́ ṣúgà. Bísíkíìtì tí wọn ò fi ṣúgà sí, fúláwà ló pọ̀ nínú ẹ̀, inú ara ló sì ti máa di glucose. Ìdí nìyí tí iye carbohydrate fi ṣe pàtàkì ju iye ṣúgà nìkan lọ. Ibi tí wọ́n kọ fibre sí náà dáa láti wò: oúnjẹ tó bá ní in dáadáa, bí ẹ̀wà, kì í tètè da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀.

Mi ò sọ pé carbohydrate burú o. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún ju wákàtí kan lọ nílò rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá tó wákàtí kan, omi ti tó. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, pàápàá tó ń gba insulin, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójú ọ̀nà.

Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu aládídùn. Lórí ike 50 cl, náírà 5 péré nìyẹn. Ìyẹn ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní tèmi, ohun tó yẹ kí NAFDAC fi dandan lé ni pé kí àpapọ̀ ṣúgà inú ike kan wà níwájú, ní lẹ́tà gàdàgbà, dípò lẹ́tà tín-tìn-tín tó fara pamọ́ sẹ́yìn. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ẹ mu mẹ́ta lóòjọ́.

Kó tó dìgbà yẹn, ojú yín lòfin yín. Zobo inú ọ̀rá ò ní lébẹ̀ẹ̀lì, ẹ bi ìyá tó ń tà á bó ṣe bu ṣúgà sí i tó. Ẹni tó bá lè fara balẹ̀ yẹ táyà wò, kò yẹ kó mu ohun tí kò kà.