Bí Ọmọdé Yóò Ṣe Máa Mu Omi Láìfi Ipá Mú Un

Omi kò lọ́tàá ni àwọn baba wa wí, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í bù ú wẹ̀, kò sì sí ẹni tí kì í bù ú mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti ọmọ ọdún 3 nídìí oúnjẹ, tí ó gbé ife omi sún mọ́ ọn lẹ́nu, tí ọmọ náà yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó sì ń nawọ́ sí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí ó wà níwájú baba rẹ̀, yóò mọ̀ pé omi mímu wà lára ohun tí a ń kọ́ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ ní ìkíni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ọmọdé kì í mu omi nítorí pé a pàṣẹ fún un, ibi tí omi bá gbé wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, tí àwọn àgbà tí ó ń wò bá sì ń mu ún, ibẹ̀ ni yóò ti máa mu.

Nígbà tí a bá bí ọmọ, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ó jẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún lọ. Omi yìí tètè ń tán lára ọmọdé nínú oòrùn àti nínú ibà, eré a sì máa mú un gbàgbé òùngbẹ títí ètè rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ọmọ kékeré kì í sábà sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ohun tí ìyá rẹ̀ yóò rí ni pé ó ń kanra láìnídìí, pé ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, kò sì pọ̀, àti pé ìgbẹ́ rẹ̀ le. Bí ó bá wá di pé ojú rẹ̀ jìn, tí ó ń sunkún tí omijé kò jáde, tàbí tí àwùjẹ̀ orí ọmọ ọwọ́ rì wọlé, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, mo sì bẹ ẹ̀yin ìyá àgbà pé kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí. Mo mọ̀ pé Ọ̀ṣun, olómi tútù, ìyá ọlọ́mọ, ni àwọn ìyá wa ń ké pè nígbà tí ara ọmọ wọn kò bá yá, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni ìyá àgbà fi ń tẹ́ ọmọ jòjòló sórí itan, tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí ẹnu rẹ̀ ká, tí ó sì ń rọ ọ́ ní omi títí ikùn rẹ̀ yóò fi le. Ọmú ìyá fúnra rẹ̀, ìdá tí ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó jẹ́ omi, ó sì tó láti pa òùngbẹ ọmọ bí ẹ̀ẹ̀rùn tilẹ̀ mú. Omi tí a bá rọ ọ́ yóò gba àyè ọmú nínú rẹ̀; bí kò bá mọ́, yóò kó àrùn wọlé; bí ó bá sì pọ̀ jù, yóò bomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gìrì sì lè tibẹ̀ mú un. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní ọmú nìkan ni kí ó jẹ́ títí oṣù 6 yóò fi pé. Ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni kí a tó máa fi ife kékeré fún un ní omi tí a sè tí ó sì ti tutù, díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Àjọ tí ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù kéde ní 2010 pé ọmọ ọdún 2 sí 3 ń fẹ́ nǹkan bí lítà 1.3 lójúmọ́, ọmọ ọdún 4 sí 8 sì ń fẹ́ lítà 1.6, tòun ti èyí tí ó wà nínú oúnjẹ àti ohun mímu gbogbo. Ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ kò mú ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n yìí, nítorí náà ọmọ tí ń sáré kiri ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹta yóò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2006 sí 2007, àwọn olùwádìí mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 32 ní ìlú Dortmund àti Essen, ní àdúgbò àwọn tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu. Ní apá kan, wọ́n ri ẹ̀rọ omi mímu sínú ilé ìwé, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀, wọ́n rọ àwọn olùkọ́ láti jẹ́ kí àwọn ọmọ máa pọn ọ́n kún láràárọ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ 4 péré nípa omi. Ní apá kejì, wọn kò yí ohunkóhun padà. Nígbà tí ọdún parí, àwọn ọmọ apá kìn-ín-ní ń mu omi tí ó fi ife kan àti díẹ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ lójúmọ́, ewu pé kí wọ́n sanra jù sì fi ìdá 31 nínú 100 rẹlẹ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé mímu tí wọ́n ń mu ẹlẹ́rìndòdò kò yí padà, kò sì sí ẹni tí ó nà wọ́n ní pàṣán. A gbé omi sún mọ́ wọn, wọ́n sì mu ún.

Nínú ilé tiwa, ohun kan náà ni yóò ṣiṣẹ́. Kí ọmọ ní ife tirẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ lè dì mú, kí omi wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o láìké pe àgbà, kí ìyá àti baba sì mu tiwọn lójú rẹ̀, nítorí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọsàn, bàrà àti ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú ní omi nínú. Ṣùgbọ́n ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tí ó gba 50cl lè gbé tó 50 gíráàmù ṣúgà, èyí tí ó tó kóró 12. Mo sì rò pé owó orí náírà 10 lórí lítà kan, tí ìjọba Nàìjíríà fi lé e ní ọdún 2022, kéré jù láti mú ẹnikẹ́ni yí ọkàn padà.

Ó ku ti ilé ìwé. Ẹ wo àwọn ìgò aláràbarà tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń gbé kọ́ ọrùn láàárọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ń padà wálé pẹ̀lú omi tí ìyá wọn rọ sí i. Ẹ bi ọmọ náà léèrè, yóò sọ pé Àǹtí ní kí àwọn má mu omi jù, kí àwọn má baà máa tọ̀. Èmi kò dá Àǹtí lẹ́bi, nítorí ilé ìtọ̀ kan tí ó dọ̀tí ni ó ń dá kó ọgbọ̀n ọmọ lọ. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún lọ san owó ilé ìwé, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ọmọ yín ti ń tọ̀ hàn yín. Bí kò bá mọ́, kí gbogbo yín jùmọ̀ tọ onílé ìwé lọ títí yóò fi tún un ṣe.