Alòsì Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù: Apá Wo Ni Ara Yàn?

Ẹni tó bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Pápá Àjàó, ní ilẹ̀ Mùṣin Olóòṣà, níbi tí àwọn òǹtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbé ń pàtẹ láti àárọ̀ kùtù títí oòrùn yóò fi wọ̀, tó bá sọ pé iná iwájú ọkọ̀ ni òun ń wá, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé ti apá ọ̀tún ni tàbí ti apá òsì. Nítorí bí méjèèjì tilẹ̀ jáde láti ara ọkọ̀ kan náà, èyí tí a ṣe fún òsì kò lè jókòó sí ojú ọ̀tún, bó ti wù kí mẹkáníìkì lo agbára tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá gọ́ọ̀fù rí. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀pá náà, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹni tí èjìká òsì rẹ̀ kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ ni a sì ṣe ojú náà fún. Alòsì tó bá mú un, tó dúró ní òdìkejì, ẹ̀yìn irin ni yóò fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Pápá Àjàó tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí eré yìí yóò gba ọ̀nà GRA Ìkẹjà lọ, níbi tí Ikeja Golf Club wà, tàbí kí ó gun afárá kọjá ọ̀sà lọ sí Ìkòyí, níbi tí Ikoyi Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938, ti ní pápá oníhò 18. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun lórílẹ̀-èdè wa, iṣẹ́ kádì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń ru àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn ọlọ́lá, wọ́n ń fi ojú kọ́ ohun tí wọ́n ń rí, bí pápá bá sì dá, wọ́n á tọrọ ọ̀pá kan, wọ́n á gbìyànjú wò. Ọ̀pá tí wọ́n bá rí tọrọ, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, nítorí òun ló pọ̀ nínú àpò àwọn ọ̀gá. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ alòsì ṣe ń di ẹni tó ń gbá láti ọ̀tún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó bi wọ́n léèrè.

Àìsí ọ̀pá nìkan kọ́ ló ń tì wọ́n. Nínú ilé Yorùbá, kí ọmọ tó gbọ́n tó láti mọ orúkọ baba rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a lọ́wọ́ òsì bó bá nà án sí àwo oúnjẹ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. A kì í fi í gbé nǹkan fún àgbà. Èmi kò bá àṣà yìí jà, nítorí bí a bá rò ó jinlẹ̀, ọ̀wọ̀ ni ó ń ṣọ́, kò bá agbára ọwọ́ jà rárá. Àwọn baba wa kan náà tí wọ́n ka òsì léèwọ̀ nídìí àwo ni wọ́n fi Òsì joyè tẹ̀lé Ọ̀tún nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí wọ́n sì ní Òsì Balógun lójú ogun. Àwọn Ògbóni, ọmọ Ìyá, òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́, lára ọ̀pọ̀ ère ẹdan wọn pẹ̀lú, ìkúùkù òsì ni ó wà lókè tí ọ̀tún wà nísàlẹ̀.

Èèwọ̀ náà kò sì pin sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 2001, àwọn olùwádìí Sotaro Kita àti James Essegbey gbé ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Gánà, níbi tí wọ́n ti ń bi àwọn ènìyàn léèrè ọ̀nà, tí wọ́n sì ń wo ọwọ́ wọn. Bí ọ̀nà bá yà sí òsì, àwọn ènìyàn náà a gbé ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n a sì na ọ̀tún kọjá níwájú àyà láti fi júwe. Síbẹ̀, òsì àwọn mìíràn a ṣì máa yọ́ júwe nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò ti ní tètè bá a. Ẹ̀kọ́ ilé kọ́ ọwọ́ ní ìwà, ṣùgbọ́n ara kò gbàgbé ohun tí ó yàn.

Ibo ni ara ti yan òsì? Nínú ènìyàn 100, bí 10 ni alòsì káàkiri ayé. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ọpọlọ ló sì ń darí ọwọ́ òsì. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Oxford yẹ àbùdá bí 400,000 ènìyàn wò, wọ́n sì kéde ní 2019 pé àwọn ibìkan wà nínú àbùdá tó so mọ́ jíjẹ́ alòsì, tí díẹ̀ nínú wọn sì kan ọ̀nà tí a gbà ń mọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láti inú oyún. Àbùdá nìkan kò pàṣẹ tán, ṣùgbọ́n ó dájú pé àgídí ọmọ kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí gọ́ọ̀fù ti dùn jù láti gbé yẹ̀ wò nìyí: ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń di ọ̀pá náà mú, nítorí náà jíjẹ́ alòsì àti gbígbá láti apá òsì kì í ṣe ohun kan náà. Bob Charles, ọmọ New Zealand, ẹni àkọ́kọ́ tó gbá láti òsì tó sì gba ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin, èyí ni Open ti 1963, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń lò fún iṣẹ́ ọlọ́wọ́ kan. Phil Mickelson ará Amẹ́ríkà náà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń dúró kọjú sí bàbá rẹ̀, ohun tó rí ni ó ń ṣe, ọ̀tún bàbá sì di òsì ọmọ. Ẹni náà ló gba PGA, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá náà, ní 2021 ní ọmọ 50 ọdún; kò sí ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tíì gba ìdíje ńlá títí di ìgbà náà.

Kí ló mú kí ọlọ́wọ́ ọ̀tún lè gbá dáadáa láti òsì? Ẹni tó bá ń gbá láti òsì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó wà lókè ọ̀pá, òun ló ń ṣíwájú nígbà tó bá ń fì í, òun ló sì ń tọ́ ojú irin. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó dúró síbẹ̀ ti fi ọwọ́ tó gbọ́n jù ṣe olórí. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí àwọn ará Èkó mọ̀ mọ́ Tafawa Balewa Square, olùwádìí David Mann àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí irú ìdúró yìí ní 2016, wọ́n sì rí i pé dídúró ní òdìkejì báyìí wọ́pọ̀ ní bí ìlọ́po méje láàárín àwọn tó fi eré náà ṣiṣẹ́ ju láàárín àwọn tó kàn ń gbá a ṣeré. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ìtùnú fún ọmọ alòsì tí àìsí ọ̀pá ti tì sí ọ̀tún: ọwọ́ òsì tí wọ́n lù nídìí àwo ni ó wà lókè ọ̀pá rẹ̀, tó ń ṣe aṣáájú.

Pápá pàápàá a máa yan ẹni tó fẹ́. Láàárín 2003 sí 2014, ìgbà 12 ni wọ́n gbá Masters, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin náà, ní pápá Augusta. Ẹni tó ń gbá láti òsì ló gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún olúborí lọ ní ìgbà 6: Mike Weir ará Kánádà ní 2003, Mickelson ní 2004, 2006 àti 2010, Bubba Watson ní 2012 àti 2014. Àlàyé tí àwọn amòye eré náà sábà ń ṣe ni pé ọ̀nà tó lọ sí àwọn ihò kan níbẹ̀, bí ìkẹtàlá, tẹ̀ sí apá òsì, bọ́ọ̀lù tó bá sì tẹ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹni tó ń gbá láti òsì láti kápá.

Nítorí náà, olùkọ́ tàbí òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ dé pápá, kó má tíì ra ohunkóhun. Kó fi igi lásán lé e lọ́wọ́, kó ní kó gbá nǹkan nílẹ̀, kó sì dákẹ́ máa wo apá tí yóò dúró sí láìsí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá jẹ́ òsì ni, irin kan ṣoṣo tí a ṣe fún òsì, nọ́ńbà 7, tó o láti fi bẹ̀rẹ̀, a sì lè rí ọ̀pá ojú méjì tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, èyí tí tọ̀tún tòsì lè jọ lò. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ti ọwọ́ ọ̀tún ni kó rà fún un, nítorí ọwọ́ òkè ni a ń wọ̀ ọ́ sí. Bí kò bá ṣàlàyé fún ọlọ́jà, ti òsì ni wọn yóò dì fún un.