Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Nawọ́ Sókè Ní Gbangba

 

Bí ìyálọ́jà bá ní kí ẹni tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ nawọ́ sókè, àwọn kan á ní ìṣe ará oko nìyẹn. Irọ́ ni o! Ní Swítsàlandì, ìpínlẹ̀ méjì, Glarus àti Appenzell Innerrhoden, ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ Sunday, gbogbo ìlú á jáde sí gbàgede. Wọ́n ní ilé aṣòfin o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin ńlá, gbàgede ni wọ́n ti ń parí rẹ̀.

Ní Glarus, ẹnikẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ ìbò lè bọ́ síwájú sọ tẹnu ẹ̀. Ní 2006, ìjọba ní kí wọ́n pa ìjọba ìbílẹ̀ 25 pọ̀ di 10. Ará ìlú kan dìde, ó ní mẹ́ta péré ti tó. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe nawọ́ sí tiẹ̀! Mẹ́ta náà ló kù.

Ṣùgbọ́n ti Appenzell ló ká wa lára. Idà tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ni ọkùnrin fi ń hàn pé òun lè dìbò níbẹ̀. Obìnrin ńkọ́? Ó di April 1990, wọ́n tún bi àwọn ọkùnrin bóyá kí obìnrin máa bá wọn dá sí i. Wọ́n ní rárá. (Ẹ wò ó, àwọn tó jókòó ti oúnjẹ la ní kí wọ́n pín in!) Àwọn obìnrin gba ilé ẹjọ́ gíga jù lọ lọ, ẹjọ́ sì dá wọn láre ní November ọdún yẹn. Ní April 1991, wọ́n dúró sí gbàgede.

Kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa l'Abẹ́òkúta ń san owó orí láìní ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó kó wọn jáde ní 1947.

Síbẹ̀, ọwọ́ gbangba ní wàhálà tiẹ̀. Aláìsàn ò lè wá. Àna ẹ ń wò ọ́, ẹni tó o jẹ lówó náà ń wò ọ́. Nínú ìpàdé wa tó kọjá lórí owó àwọn agbálẹ̀, a rí àwọn tó kọ́kọ́ wojú ara wọn kí wọ́n tó nawọ́. Àwọn ẹlẹ́ja tó wà lẹ́yìn sì ní àwọn ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n bi àwọn.