Àwọn Ẹyẹ Etí Odò Wa

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ọ̀pọ̀ wa ní Adó-Èkìtì ni ó mọ adágún omi Ureje, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti jókòó sí bèbè rẹ̀ rí láti wo ẹyẹ? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ẹ mú àwọn ọmọ lọ ní ìdájí, kí ẹ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. (Kí ọmọkùnrin yín fi róbà tí ó fi ń ta ẹyẹ sílẹ̀ nílé.)

Ẹ wá lékèélékèé tí ń ṣa tata jẹ nínú koríko. Ẹ wo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ń gbá kòkòrò mú lójú omi. Àwọn tí ọ̀fun wọn pupa bí osùn nínú wọn, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Wọ́n ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó gíráàmù 25.

Ohun tí ń kọ mí lóminú ni Gamalin. Oògùn kòkó ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí àwọn apẹja kan ní ilẹ̀ wa ti ń dà á sódò kí ẹja lè kú léfòó. Ní 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòpin sí lindane tí ó wà nínú rẹ̀. Sísè kò lè mú un kúrò tán lára ẹja. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ àti ẹja lọ́pọ̀ ní etí odò kan, ẹ má ra ẹja ibẹ̀, ẹ má sì pọn omi rẹ̀.